Sátífíkéètì nìkan kò tó: bí òṣìṣẹ́ àti máníjà búkà ṣe ń múra de wolé-wolé ní Ìlú Ọba

Ẹni tó bá fẹ́ ṣí búkà ní Peckham, Woolwich tàbí Manchester, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bi àwọn tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà ni pé, "Sátífíkéètì wo ni mo nílò?" Ìdáhùn rẹ̀ máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò dárúkọ sátífíkéètì kankan. Ohun tí ìlànà 852/2004 sọ, èyí tí wọ́n jogún láti ọ̀dọ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ni pé gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń mójú tó o, kí wọ́n sì ti kọ́ ọ ní ìmọ́tótó oúnjẹ débi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà. Ẹni tó ṣètò ìlànà ààbò oúnjẹ fún ilé náà gbọ́dọ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlànà náà.

Kí ló wá dé tí gbogbo ènìyàn fi ń gba sátífíkéètì? Bí wolé-wolé káńsù bá dé, tó ní kí ẹ fi ẹ̀rí hàn pé alásè yín mọ ohun tó ń ṣe, òun ló yá jù láti fà yọ. Àmọ́ ẹ̀rí kan péré ni láàrin ọ̀pọ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ dáhùn nídìí ààrò àti ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín ló ń gbé búkà dé ipò 5 tàbí tó ń já a bọ́ sí ipò 1, nínú ipò ìmọ́tótó tí káńsù ń fún ilé oúnjẹ láti 0 dé 5, tí 5 sì dára jù. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àlàyé yìí. Ibi tí àwọn ilẹ̀ yòókù ní Ìlú Ọba bá ti yàtọ̀, a ó sọ ọ́.

Ìforúkọsílẹ̀ ló ṣáájú

Ẹ forúkọ ilé oúnjẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù àdúgbò yín, ó kéré tán ọjọ́ 28 ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Orí gov.uk ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, káńsù kò sì lè kọ̀ ọ́ fún yín. Ẹni tó ń se oúnjẹ òde àríyá nínú ilé ìdáná ara rẹ̀, tó sì ń gba owó, náà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Pé kò ní ṣọ́ọ̀bù kò yọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ra búkà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ kò di tiyín, ẹ ṣe tiyín lọ́tọ̀. Ẹni tó ń tajà láìforúkọ sílẹ̀ lè san owó ìtanràn, ó lè lọ ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 2, ó sì lè fara gbá méjèèjì.

Ta ló yẹ kó kọ́ kí ni?

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ pín ẹ̀kọ́ náà sí ìpele. Ẹni tí kì í fọwọ́ kan oúnjẹ tí kò ní ìbòrí, bí ẹni tó ń gbé ọtí tàbí tó ń nu tábìlì, Level 1 tó o. Gbogbo ẹni tó ń gé ẹran, tó ń ro àmàlà, tó ń te ẹ̀bà, tó ń bu oúnjẹ sínú abọ́, Level 2 ni tirẹ̀. Máníjà, olórí alásè, àti oníbúkà tó máa ń wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí wọ́n lọ ṣe Level 3. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé Level 2 ń kọ́ni bí a ṣe ń tẹ̀ lé ìlànà, Level 3 ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ ìlànà náà, bí a ṣe ń mọ ibi tí ewu wà láti ẹnu ọ̀nà tí ẹran ti wọlé títí dé orí tábìlì oníbàárà. Búkà tí gbogbo ènìyàn ti gba Level 2, tí kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, kò ní í pẹ́ tí wolé-wolé á fi rí i.

Level 2 kì í ju ọjọ́ kan lọ nínú kíláàsì. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí díẹ̀ ni. Level 3 ti pọ̀ jù ú lọ, ó sì sàn kí ẹ ṣe é lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ń dáhùn ìbéèrè. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí gbogbo káńsù yóò gbà láìjanpata, ẹ wá ilé ẹ̀kọ́ tí àjọ tó ń fúnni ní ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ Ofqual, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí. Highfield jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní Scotland, REHIS, ẹgbẹ́ àwọn elétò ìlera àyíká ibẹ̀, ni wọ́n mọ̀ dáadáa.

Àbùjá kan wà tí àwọn oníbúkà kan máa ń gbà: ẹnì kan ṣoṣo á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ kan, á ṣe ìdánwò fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ọjọ́ kan náà wà lára gbogbo ìwé, nọ́ńbà wọn tò tẹ̀léra. Wolé-wolé kò ní í bá yín jà lórí ìwé o. Yóò kàn yíjú sí ẹni tó ń dín adìyẹ, yóò bi í pé báwo ló ṣe ń mọ̀ pé adìyẹ náà ti jinná dé inú. Ibẹ̀ ni àṣírí ti máa tú.

Ìyá tó ń wá ràn yín lọ́wọ́ ní gbogbo Sátidé láìgba owó, òṣìṣẹ́ oúnjẹ ni lójú òfin. Ọmọ iléèwé tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rin péré lọ́sẹ̀ náà, òṣìṣẹ́ ni.

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Kalifóníà lè rò pé òun ní ọjọ́ 30 láti gba káàdì, àti pé ọdún 3 ni káàdì náà máa lò. Ti ọ̀hún nìyẹn. Níbí, kò sí ọjọ́ àforíjì: láti ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá ti fọwọ́ kan oúnjẹ ló ti yẹ kó mọ ohun tí iṣẹ́ ọjọ́ náà gbà. Òfin kò sì sọ ọjọ́ tí sátífíkéètì ń kú. Àṣà tó gbilẹ̀ ni kí wọ́n tún un kọ́ lẹ́yìn ọdún 3, ó sì bọ́gbọ́n mu, torí ẹni tó gba tirẹ̀ ní 2018 kò gbọ́ ohunkóhun nípa òfin tuntun lórí àlẹ́jì tí a ó dé láìpẹ́.

Kí òṣìṣẹ́ tuntun tó wọ apíróònù ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí hàn án lójúkojú, kí ẹ sì ní kó ṣe é kí ẹ rí i: síǹkì tí wọ́n ti ń fọ ọwọ́ nìkan, àti bí a ṣe ń fọ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20; pákó àti ọ̀bẹ tó wà fún ẹran tútù, àti èyí tó wà fún oúnjẹ tó ti jinná; ibi tí ẹran tútù ń gbé nínú fìríìjì, ìyẹn ìsàlẹ̀ pátápátá; ẹni tó máa pè bí oníbàárà bá sọ̀rọ̀ àlẹ́jì. Ẹ sì sọ fún un pé bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú un, kó pe máníjà, kó má ṣe wá, kó sì dúró sílé títí wákàtí 48 yóò fi pé lẹ́yìn tí ó ti dáwọ́ dúró pátápátá. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló ṣòro jù, torí ẹni tí wọ́n ń san owó wákàtí fún kì í fẹ́ jókòó sílé. Máníjà tó bá ń kanra nígbà tí òṣìṣẹ́ bá pè pé inú ń run òun, òun gan-an ló ń kọ́ wọn láti parọ́.

Ìwé tó ń gbé máàkì

Ẹ lọ sí ojúlé Food Standards Agency, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò oúnjẹ, ẹ gba ìwé Safer Food, Better Business, ti àwọn ilé oúnjẹ. Ọ̀fẹ́ ni. Ní Scotland, CookSafe ni wọ́n ń lò. Ní Northern Ireland, Safe Catering. Ìwé náà sọ̀rọ̀ lórí bí kòkòrò àrùn ṣe ń ràn láti ara oúnjẹ kan sí òmíràn, ìmọ́tótó ilé ìdáná, mímú oúnjẹ tutù, sísè, àti iṣẹ́ máníjà. Lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, àyè wà tí ẹ máa kọ bí ẹ ṣe ń ṣe é ní búkà tiyín sí. Àyè yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń fi sílẹ̀ ní òfìfo, tí wọ́n á wá gbé ìwé náà sórí pẹpẹ kó lè rẹwà. Ìwé tí a kò kọ nǹkan sí kò jẹ́rìí nǹkan kan.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ wà. Ẹ kò ní láti kọ ìtàn sí i: kí ẹni tó ṣí ilé àti ẹni tó tì í ṣe àyẹ̀wò wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Bí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan lẹ tó máa kọ̀wé, báyìí: "Fìríìjì kejì ka 11 ní àárọ̀. A da ẹran inú rẹ̀ nù. A pe oníṣẹ́, ó ti tún un ṣe." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, kí máníjà ka ohun tó ti kọjá, kó wo bóyá ìṣòro kan ń padà wá. Ìwé tí kò sí ìṣòro kankan nínú rẹ̀ fún ọdún kan odindi kì í dùn mọ́ wolé-wolé létí, torí kò sí ilé ìdáná tó rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó sì burú jùyẹn ni ìwé tí wọ́n fi bírò kan náà fọwọ́ sí láti ọjọ́ kìíní oṣù dé ìparí rẹ̀, títí kan ọjọ́ Kérésìmesì tí búkà wà ní títì.

Fún ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ẹ ní ojú ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí ẹ kọ́ ọ, ọjọ́ tí ẹ kọ́ ọ, ìfọwọ́sí rẹ̀ àti ti ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ fi ẹ̀dà sátífíkéètì rẹ̀ sẹ́yìn ojú ewé náà. Òfin kò ní kí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn. Bí Yorùbá bá yé alásè yín jù, Yorùbá ni kí ẹ fi kọ́ ọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ̀kọ́ inú kíláàsì kì í dé bá oúnjẹ wa

Burger àti sáńwíìṣì ni àpẹẹrẹ tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà. Máníjà ló máa mú un wá sórí ọbẹ̀ àti ìrẹsì.

Ẹ ra tẹmómítà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń gún wọ inú ẹran. Ẹ máa dán an wò déédéé: nínú omi yìnyín, kó ka láàrin −1 sí 1, nínú omi tó ń hó, kó ka láàrin 99 sí 101. Àárín ẹran tó nípọn jù nínú ìkòkò gbọ́dọ̀ dé dígírì 75 fún ìṣẹ́jú àáyá 30, tàbí 70 fún ìṣẹ́jú 2. Oúnjẹ gbígbóná tó wà ní títà kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 63. Òfin gba fìríìjì títí dé 8, ṣùgbọ́n ẹ fi tiyín sí 5, torí ilẹ̀kùn rẹ̀ á máa ṣí ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá wọra. Fírísà, −18.

Adìyẹ ni a ó kọ́kọ́ sọ, torí ó kan ìwà tí wọ́n fi tọ́ wa. Ilé tí a ti dàgbà, ẹni tí kò bá fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ adìyẹ, ọ̀bùn ni. Ní Ìlú Ọba, ìmọ̀ràn ìjọba ni kí ẹ má fọ adìyẹ tútù rárá. Kòkòrò campylobacter wà lára rẹ̀. Omi tó bá ta láti inú síǹkì ń gbé e lọ sórí pákó, sórí ewébẹ̀, sára aṣọ yín. Iná ló ń pa á, omi kò lè ṣe é. Bí ìdọ̀tí kan bá wà lára rẹ̀, ẹ fi bébà ìnuwọ́ nù ún, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ fọ ọwọ́.

Ìkòkò ńlá ni ewu kejì. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lítà 40 tí wọ́n gbé kalẹ̀ láago 11 alẹ́ pé kó máa tutù, àárín rẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí di àárọ̀. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Clostridium perfringens ní irúgbìn tí sísè kì í pa. Bí ọbẹ̀ bá ti ń tutù díẹ̀díẹ̀, ó ti rí ibi gbádùn nìyẹn. Ẹ bu ọbẹ̀ náà sínú àwọn tíréè fẹ̀ǹfẹ̀ tí kò jìn ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ẹ gbé wọn sínú omi yìnyín, ẹ máa rò ó, kó lè wọ fìríìjì láàrin ìṣẹ́jú 90. Ẹ má ṣe gbé odindi ìkòkò gbígbóná wọ inú fìríìjì: á mú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ gbóná, tòun gan-an kò sì ní í tutù.

Ìrẹsì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkòrò Bacillus cereus inú rẹ̀ ń tú májèlé sílẹ̀ bí ìrẹsì bá pẹ́ níta, májèlé náà kì í sì í kú bí ẹ bá tún un gbé kaná. Kí ó tutù láàrin wákàtí kan, kí ó má ju wákàtí 24 lọ nínú fìríìjì, kí ẹ sì tún un gbé kaná lẹ́ẹ̀kan péré. Kúlà tí a ń kó jọ̀lọ́ọ̀fù sí lọ sí òde àríyá kì í ṣe ẹ̀rọ ìgbóná; ó kàn ń dá ooru dúró ni. Ẹ fi omi gbígbóná mú inú rẹ̀ gbóná kí ẹ tó bu ìrẹsì sí i, ẹ wọn ọ́n nígbà tí ẹ bá ń jáde, ẹ tún wọn ọ́n nígbà tí ẹ bá dé gbọ̀ngàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ti já wá sí ìsàlẹ̀ 63, wákàtí 2 ni òfin fún yín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹran ti wá tún wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ tí wọ́n fi iná jó irun rẹ̀, tí awọ rẹ̀ ṣì wà lára, dùn lẹ́nu gan-an, ṣùgbọ́n kò bófin mu láti tà á fún jíjẹ ní Ìlú Ọba, bó ti wù kí ẹni tó ń gbé e wá lóru lẹ́nu dídùn tó. Ẹran tó bá inú àpótí ẹrù wọlé láti Nàìjíríà náà kò bófin mu, ẹran ìgbẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Fún gbogbo ohun tó wà nínú fírísà, ẹ gbọ́dọ̀ lè fi rìsíìtì ẹni tó tà á fún yín hàn.

Àlẹ́jì: ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ikú

Nǹkan 14 ni òfin ní kí ẹ lè sọ bóyá ó wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Àlìkámà àti àwọn ọkà ẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú sẹ̀mó, pọ̀fù-pọ̀fù àti mítì-páì. Edé àti akàn jẹ́ ọ̀kan. Ìgbín àti àwọn oníkarawun inú omi jẹ́ òmíràn. Ẹja dá dúró, ẹyin dá dúró, mílíìkì náà dá dúró. Ẹ̀pà wà lára súyà. Kajú àti àwọn èso eléèpo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹ̀pà. Sóyà máa ń fara pamọ́ sínú irú, torí ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe irú mìíràn. Sẹ́lẹ́rì àti músítádì máa ń wà nínú mágí àti kọ́rì. Ó ku yànmọtí, lúpìnì (irú ẹ̀wà kan) àti sulphite (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè bàjẹ́). Ẹ ka ẹ̀yìn páálí mágí tí ẹ ń lò, ẹ sì tún un kà bí ẹ bá pààrọ̀ oníṣẹ́ tó ń ṣe é.

Ẹ ya àtẹ kan: orúkọ oúnjẹ lápá òsì, nǹkan 14 náà lókè, ẹ fi àmì sí ibi tó yẹ. Ìwé àtẹ yìí ni kí agbóúnjẹ lọ wò. Ẹ kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ fi orí dáhùn láé; "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó" ni gbólóhùn tó tọ́. Òróró kan náà tí wọ́n fi dín ẹja kò mú kí àkàrà yẹ ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹja. Ẹ̀gúsí kò sí lára 14 náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ ẹ̀pà, ẹ sọ fún oníbàárà.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni òfin tí wọ́n fi orúkọ Natasha Ednan-Laperouse pè ti ń ṣiṣẹ́, ọmọ ọdún 15 tó kú ní 2016 nítorí yànmọtí tó wà nínú búrẹ́dì tó rà. Bí ẹ bá ti di mọ́ínmọ́ín tàbí mítì-páì sínú ọ̀rá kí oníbàárà tó béèrè, tí ẹ tò ó sórí káńtà, ó gbọ́dọ̀ ní lébẹ́ẹ̀lì: orúkọ oúnjẹ, gbogbo èròjà rẹ̀, kí èyí tó wà lára 14 náà sì hàn gedegbe, bíi kí ẹ fi lẹ́tà dúdú kírí kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ búkà ni kò mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín orí káńtà wà lábẹ́ òfin yìí. Food Standards Agency ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí àlẹ́jì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí àwọn agbóúnjẹ pàápàá ṣe é.

Bí wọ́n ṣe ń ka máàkì

Wolé-wolé kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Ohun mẹ́ta ló ń wọ̀n, máàkì tó sì kéré ló dára: bí ẹ ṣe ń ṣe oúnjẹ, 0 sí 25, bí ilé náà ṣe rí àti bó ṣe mọ́, 0 sí 25, ìgbẹ́kẹ̀lé tó ní nínú àbójútó yín, 0 sí 30. Ìkẹta yìí ni ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ wà. Kí ẹ tó gba ipò 5, àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 15 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ sí ìkankan tó ju 5 lọ.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Búkà tí ilé ìdáná rẹ̀ ń dán, tó gba 0 nínú méjì àkọ́kọ́, bí ó bá gba 10 nínú ìkẹta, kò lè kọjá ipò 4. Bí ó bá gba 20 níbẹ̀, torí kò ní ìlànà tó wà nílẹ̀, tí máníjà kò sì mọ ibi tí ewu wà, ipò 1 ló máa gbà, bó ti wù kí ilẹ̀ mọ́ tó. Ìdí nìyí tí oníbúkà fi máa ń bínú pé, "Ibi mi mọ́, kí ni mo ṣe?"

Ẹ má ṣe lé alásè sẹ́yìn kí máníjà lè dáhùn fún un. Ìbéèrè tí wọ́n sábà ń bi í kò le: ìgbà wo lo ń fọ ọwọ́, dígírì mélòó ni fìríìjì, kí lo ń ṣe sí ìrẹsì tó ṣẹ́kù, ta lo máa pè bí inú bá ń run ọ́? Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ìbéèrè méjì nínú wọn, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ náà sí ojú ewé ẹ̀kọ́ wọn.

Ní Wales àti Northern Ireland, dandan ni kí ẹ lẹ àmì ipò yín mọ́ ibi tí àwọn ènìyàn á ti rí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì di dandan, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Scotland kì í lo nọ́ńbà: ẹ yege, tàbí kí wọ́n ní ẹ nílò àtúnṣe. Bí ipò tí wọ́n fún yín kò bá tọ́ lójú yín, ọjọ́ 21 lẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́dọ̀ káńsù. Bí ó bá tọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ ti tún nǹkan ṣe, ẹ kọ̀wé béèrè fún àyẹ̀wò tuntun. Káńsù mìíràn ń gba owó fún un. Kí ẹ tó béèrè, ẹ jẹ́ kí ìwé àkọsílẹ̀ yín fi hàn pé àtúnṣe náà ti ń lọ déédéé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí ẹni tó ń bọ̀ yóò ṣí i, ipò náà sì lè lọ sílẹ̀ bó ṣe lè gòkè.